Abẹ Ẹnì Kan, Àgbọ̀n Ẹnì Kan

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àti ìlera lórí rédíò, fún àwọn olùgbọ́ wa ní Sùúrùlérè, Yábà àti Múṣin

Àwọn ọkùnrin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá àwọn tí kì í lè fọwọ́ kan àgbọ̀n ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá fá irùngbọ̀n tán. Ẹ̀yin ìyàwó wọn, ẹ má pa rédíò, nítorí ẹ̀yin lẹ sábà máa ń rí kókó wọ̀nyẹn kí onítọ̀hún tó rí i nínú dígí.

Ẹ mọ kókó tí mò ń wí. Ọkùnrin á fá irùngbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú nítorí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn á ti máa yún un. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, kókó wẹ́wẹ́ á ti sọ jáde. Òmíràn á gba ọyún, òmíràn á dúdú, á sì le síbẹ̀. Bọ́ǹpùsì là ń pè é l'Ékòó. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù. Ohun tí ìwé àwọn oníṣègùn awọ ara sábà máa ń sọ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń fá irùngbọ̀n, àwọn tó ń ní in wà láàárín 45 sí 83. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìpara olóògùn tí wọ́n ń tà kiri ọjà kùn ún títí awọ ojú fi máa fẹ́lẹ́.

Ohun tí mo bá yín wá lónìí ni pé kẹ́ ẹ gbé ṣéfìn-sítíìkì (igi ìfárùngbọ̀n) sílẹ̀, kẹ́ ẹ dán abẹ wò. Abẹ gidi ni mò ń sọ, èyí tó gùn, tójú ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tó ń ká wọ inú èkù rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń fọwọ́ kan ọ̀fun wọn báyìí. Ẹ fara balẹ̀, a máa débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irun náà. Irun tiwa ká. Bó ṣe ká lókè ló ká nísàlẹ̀, nínú ihò tó ti ń hù. Bí a bá gé e, ṣóńṣó orí rẹ̀ á mú bí abẹ́rẹ́. Irun ẹni tí tiẹ̀ nà gbọnrangandan á máa hù lọ sókè láìyà síbì kan. Tiwa á tẹ̀ wálẹ̀, á sì gún awọ ara padà wọlé. Ara ò mọ̀ pé irun òun ni. Bó ṣe máa ń gbógun ti ohun àjèjì ló ṣe máa gbógun tì í. Ogun náà ló ń fa wíwú àti ọyún tí à ń rí.

Níbo ni sítíìkì wá ti dá kún un? Lọ́dún 1971, ilé-iṣẹ́ Gillette gbé Trac II jáde, tó ní bíléèdì méjì lórí igi kan. Mach3 tó ní mẹ́ta jáde lọ́dún 1998, Fusion tó ní márùn-ún sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2006. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé bíléèdì àkọ́kọ́ á fa irun sókè díẹ̀ bó ṣe ń gé e. Kí irun tó padà sáyè rẹ̀, èkejì á ti dé, á tún un gé nísàlẹ̀ sí i. Èyí tó kù nínú irun á wá sá wọ abẹ́ awọ. Ojú òyìnbó onírun nínà á dán, kò sì ní rí wàhálà kankan. Irun kíká tó bá wọ abẹ́ awọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í rójú ihò gbà jáde mọ́, ẹ̀gbẹ́ ihò ló máa gún. Nítorí náà, ẹni tó bá tìtorí bọ́ǹpùsì lọ ra sítíìkì tó wọ́n jù, tí bíléèdì rẹ̀ pọ̀ jù, owó ló fi ra àìsàn kún àìsàn. Èyí tó pọ́ọ́kú náà ní ìjàǹbá tiẹ̀: kì í pẹ́ kú, a kì í sì í fẹ́ jù ú nù. A ó máa fipá fà á lójú ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, títí awọ á fi bó.

Abẹ olójú kan kì í fa irun sókè. Ibi tí irun bá ti pàdé rẹ̀ ló ti máa gé e, ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ dì í mú ló sì máa pinnu bóyá ẹ fẹ́ kó fi díẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀ tó fi sílẹ̀ yẹn gan-an ni ìwòsàn. Irun tó yọ jáde lójú awọ ní ìwọ̀nba bíńtín kì í tètè ráyè gún ara padà.

Kò tíì pẹ́ rárá tí aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í ju abẹ nù. King Camp Gillette, ará Amẹ́ríkà, ló dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1901. Lọ́dún 1903 tó kọ́kọ́ tajà, igi ìfárùngbọ̀n 51 àti bíléèdì 168 péré ló tà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, igi tó tà lé ní 90,000. Ogun Àgbáyé Kìíní ló wá gbé e dé ibi gbogbo, nítorí ìjọba Amẹ́ríkà ra bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ fún àwọn ọmọ ogun wọn. Nígbà tó di ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Bic ti ilẹ̀ Faransé gbé èyí tí à ń jù nù tòun tigi rẹ̀ jáde. Kó tó dìgbà náà, abẹ tí bàbá bá rà, ọmọ lè jogún rẹ̀. Ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Solingen ní Jámánì lókìkí nídìí iṣẹ́ náà; wọ́n ṣì ń rọ ọ́ ní Solingen títí dòní.

Àwa náà ní tiwa. Alágbẹ̀dẹ wa ló ń rọ abẹ, onígbàjámọ̀ ló ń fi í jẹun. Àwọn tó ń ki Ògún máa ń ka Ògún onígbàjámọ̀ mọ́ àwọn Ògún tó wà, irun orí sì ni wọ́n ní ó ń jẹ. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí lọ́dún 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, sọ nípa àwọn ìlàrí ààfin Ọ̀yọ́ pé ìlàjì orí wọn ni wọ́n máa ń fá, kí ẹni tó bá rí wọn lè mọ̀ pé ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n. Ẹ ro irú ọwọ́ tó máa fa ilà tó gún lórí èèyàn láìsí dígí tàbí iná mànàmáná! Orí ọmọ tuntun, orí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, orí àgbàlagbà tó fẹ́ kó máa dán, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Wanzami làwọn Hausa ń pè é ní tiwọn, níbi tí wọ́n sì pọ̀ sí bí Ìdí-Àràbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn LUTH, ẹ ṣì lè bá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà pàdé lórí àpótí kékeré. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ dúró wò ó. Ẹ wo bó ṣe ń fomi ra orí pẹ́ kó tó kan abẹ, bó ṣe ń fi ìka na awọ orí, bí abẹ rẹ̀ ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ tí kì í sáré. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín láàárọ̀ yìí wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí tí a ò gbọ́dọ̀ gbé padà: abẹ kan fún orí gbogbo ìlú.

Ẹ̀jẹ̀ orí kan lè bá abẹ dé orí òmíràn, àrùn sì lè bá a lọ. Àwọn tó dàgbà l'Ékòó á rántí ìgbà tí éèdì dé. Ọdún 1986 ni wọ́n kéde àìsàn éèdì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ pé irọ́ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti jẹ mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ló pa Fẹlá olórin, àbúrò òun. Fẹlá tí ilé Kalakuta rẹ̀ àtijọ́ wà lójú ọ̀nà Agége Motor Road níbí, tí gbogbo Múṣin àti Sùúrùlérè mọ̀ bí ẹni mowó! Ẹnu kò gba ìròyìn náà. Mo gbóríyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí dòní, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò tún ní fojú kékeré wo ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì mọ́. Lónìí, kò jẹ́ nǹkan tuntun kí ọkùnrin fi àpò gbé kílípà tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bábà.

Àmọ́ kòkòrò kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju ti éèdì lọ nídìí abẹ: ti àrùn mẹ́dọ̀wú irú B, hẹpatáítìsì B. Ó lè wà láàyè lórí nǹkan gbígbẹ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí sì tó láti gbé e rìn. Nínú ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018, a rí i pé mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló ní in lára, púpọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Ẹ gbé iye yẹn dé ṣọ́ọ̀bù bábà lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí èèyàn ń tò sórí bẹ́ǹṣì, kẹ́ ẹ wá bi ara yín léèrè pé orí ta ni abẹ yẹn ti kúrò. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá ti dàgbà ṣáájú ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kó máà tíì gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un, láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ béèrè rẹ̀ nílé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Nítorí èyí ni mo fi ń sọ pé abẹ ẹnì kan, àgbọ̀n ẹnì kan. Ọkọ ò gbọ́dọ̀ yá ìyàwó ní abẹ rẹ̀ láti fi gé irun ojú. Bàbá ò gbọ́dọ̀ yá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ jogún abẹ bàbá rẹ̀, kó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ́n, kí wọ́n sì pa kòkòrò ara rẹ̀ kó tó kan ojú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fá irùngbọ̀n. Ẹni tí bọ́ǹpùsì ti kún ọrùn rẹ̀ báyìí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kó kọ́kọ́ sinmi fífá fún nǹkan bí oṣù kan, kí irun tó ti há sábẹ́ awọ lè gùn, kó sì fúnra rẹ̀ yọ jáde. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ kì í gbà. Ẹ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ dókítà.

Nígbà tí ara bá ti balẹ̀, lẹ́yìn ìwẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fá a, nítorí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń sọ irun di rírọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ho ọṣẹ dáadáa, kó bo irun, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fọwọ́ pa irùngbọ̀n kẹ́ ẹ mọ ibi tó kọrí sí. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè máa wálẹ̀ kí ti ọrùn máa lọ sápá ọ̀tún. Ibi tí irun ń lọ ni abẹ gbọ́dọ̀ máa lọ. Ẹni tó bá fá a lódì, tó ń wá kí ojú dán bíi ti ọmọ tuntun, ń pe bọ́ǹpùsì padà wálé ni, abẹ yòówù kó lò.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa gbé abẹ: bó bá nàró ṣánṣán lórí awọ, ìyẹn jẹ́ dígírì 90; bó bá sùn pẹlẹbẹ, kò sí dígírì kankan. Nǹkan bí 30 la fẹ́. Bó bá ga jù, ó máa gé yín. Bó bá sùn jù, fífa ni yóò máa fa irun. Iwájú nìkan ni kó máa rìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kó yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láé, ibẹ̀ ni ọgbẹ́ ti ń wá. Ọwọ́ kejì ni kẹ́ ẹ fi na awọ, àmọ́ kẹ́ ẹ má nà án ju bó ṣe máa tẹ́jú lọ. Àwọn oníṣègùn ò fẹ́ ká na awọ rárá, nítorí irun tí a gé nígbà tí a na awọ, á sá wọlé bí awọ bá dẹ̀. Ẹni tó ń lo abẹ kò sì lè ṣe é láìnà án díẹ̀. Díẹ̀ yẹn náà ni kẹ́ ẹ mọ.

Láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi abẹ fá. Ó tẹ́jú, kò ní egungun tó yọ síta. Ẹ fi kílípà gé ti àgbọ̀n àti ti abẹ́ gògóńgò mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ á fi mọ́ra. Ẹ fá a lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi omi tútù ṣan ojú, kẹ́ ẹ fi álúmù tútù pa á, kẹ́ ẹ wá fi òrí díẹ̀ kùn ún. Ibi tẹ́ ẹ bá fò, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn.

Títọ́jú abẹ lọ́tọ̀ ni iṣẹ́ tiẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ kí wọ́n tó rà á. Kí ẹ tó fá irùngbọ̀n nígbàkígbà, ẹ gbọ́dọ̀ fi abẹ ra awọ ẹran ní àlọ àti àbọ̀, bí ọgbọ̀n ìgbà. Ẹ̀yìn abẹ ló ń ṣíwájú, ojú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ bá yí i padà, orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó yí lé. Bó bá jẹ́ ojú ló ṣíwájú, ẹ máa gé awọ, ẹ sì máa ba abẹ jẹ́. Ẹ má wá awọ náà lọ sókè òkun o! Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó àti ti Kánò ni wọ́n fi ràkúnmí gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá nígbà àtijọ́, tí àwọn òyìnbó ń rà á ní orúkọ awọ Mòrókò. Lónìí, Múṣin níbí làwọn tó ń ṣe bàtà ti ń ra awọ. Ẹ ra èyí tó nípọn, tó tẹ́jú, tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì so ó kọ́ ara ògiri.

Láàárín oṣù díẹ̀ síra, abẹ á tún nílò òkúta, òkúta tó kúnná gan-an. Ẹ má ṣe gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ lọ́jà. Iná ẹ̀rọ yẹn á jó irin rẹ̀, abẹ ti tán nìyẹn. Kódà abẹ tuntun sábà máa ń nílò òkúta kó tó ṣeé lò, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á bóyá wọ́n ti pọ́n ọn. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ó ń dán yinrinyinrin tó sì pọ́ọ́kú. Irin rẹ̀ kì í gba ojú.

Ọ̀tá abẹ l'Ékòó ni ìpẹtà. Afẹ́fẹ́ wa kún fún ọ̀rinrin, irin tó dára jù fún abẹ sì máa ń tètè dípẹtà. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kán lé e, ẹ má sì fi sílẹ̀ nínú balùwẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pa kòkòrò ara rẹ̀, sípírítì ni kẹ́ ẹ lò. Bílíìṣì bíi Jik á jẹ ẹ́.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ dán an wò? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tó ní ìtọ̀ súgà tí egbò rẹ̀ kì í tètè jinná, àti ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú ga. Fún ẹ̀yin wọ̀nyí, kílípà tó fi irun bíńtín sílẹ̀ ló dára jù, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó bá kúkú fẹ́ dá irùngbọ̀n sí.

Mo mọ ohun tí òmíràn ń rò: owó ńkọ́? Abẹ gidi wọ́n, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ ẹ wo sítíìkì náà: ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, P&G tó ni Gillette kéde pé àwọn ò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, òkè òkun ni ohun tí wọ́n bá ń tà níbí yóò ti máa wá; ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí dọ́là ti fojú náírà rí. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ ń ná lórí sítíìkì lóṣù sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìṣirò ọdún márùn-ún sí i.

Bí apá ò bá ká a, ọ̀nà àárín wà. Èkù kan wà tó rí bí abẹ, tó jẹ́ pé ìlàjì bíléèdì lásán ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, bíi Tiger tàbí Nacet. Òun ni ọ̀pọ̀ bábà ń lò. Kì í béèrè awọ, kì í béèrè òkúta, ojú kan náà ló sì ní. Bó bá jẹ́ bábà ló ń fá yín, ojú yín ni kó ti tú bíléèdì náà nínú bébà, ojú yín ni kó ti ṣẹ́ ẹ sí méjì. Bó bá ti wà nínú èkù kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀.” Bábà tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Bó bá ní òun ti fi Dettol fọ̀ ọ́, ẹ dìde.

Ìlàjì tẹ́ ẹ bá sì ti lò nílé, ẹ má jù ú sínú ọ̀rá ìdọ̀tí. Ọwọ́ lásán làwọn tó ń ṣa ilẹ̀ fi ń tú u. Ẹ wá agolo mílíìkì tó ti ṣófo, ẹ dá ojú ihò tóóró sí i lórí, inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa jù wọ́n sí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé. Bó bá kún, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí ihò náà pa, kẹ́ ẹ kọ “ABẸ” gàdàgbà sí i lára kẹ́ ẹ tó gbé e fún àwọn akólẹ̀ LAWMA.